Bhagwanlal Indraji àti Kíka Àkọsílẹ̀ Ara Òkúta ní Ilẹ̀ Íńdíà: Onímọ̀ Ìtàn tí ó Fi Èdè Abínibí Rẹ̀ Ṣe Ìwádìí

1. Ìfáárà

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní bí a kò bá rí àdán, à ń fi òòbẹ̀ ṣẹbọ. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ọ̀rọ̀ onímọ̀ ìtàn rí. Bí kò bá rí ìwé ìtàn tí àwọn ará àtijọ́ kọ sílẹ̀, dandan ni kí ó wá ẹ̀rí mìíràn tí yóò gbé ìtàn rẹ̀ kà. Ní ilẹ̀ Íńdíà, ìwé àtijọ́ tí ó to àwọn ọba lẹ́sẹẹsẹ, tí ó sì sọ ọdún tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn jọba, kò wọ́pọ̀. Ṣùgbọ́n àwọn ọba náà gbẹ́ ọ̀rọ̀ sára àpáta, sára òpó òkúta, sínú ihò àpáta, sára abala bàbà àti sójú owó ẹyọ. Irú ọ̀rọ̀ gbígbẹ́ bẹ́ẹ̀ ni a ó máa pè ní àkọsílẹ̀ ara òkúta nínú iṣẹ́ yìí.

Ìṣòro tí ó wà níbẹ̀ ni pé ọjọ́ ti gorí ọjọ́, lẹ́tà tí wọ́n fi kọ èyí tí ó pẹ́ jù nínú wọn sì ti di àwámáàrídìí fún àwọn ọmọ onílẹ̀ pàápàá. Ní ọdún 1837, James Prinsep, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí ó ń ṣiṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ tí wọ́n ti ń rọ owó ní Calcutta, rí ojútùú sí lẹ́tà àtijọ́ tí à ń pè ní Brahmi. Láti ìgbà náà ni a ti lè gbọ́ ohun tí Ọba Ashoka sọ fún àwọn ènìyàn rẹ̀ ní ọ̀rúndún kẹta ṣáájú ìbí Jésù.

Bí a bá sọ ìtàn yìí dé orí Prinsep, ọ̀pọ̀ ènìyàn a máa dúró níbẹ̀, bí ẹni pé iṣẹ́ ti parí. Iṣẹ́ kò parí. Ẹni tí ó ní kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ kò tíì wọ gbogbo yàrá inú ilé. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún òkúta ni ó wà nílẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò tíì dà kọ dáadáa. Ọ̀kan nínú àwọn tí ó wọ inú yàrá wọ̀nyí ni Bhagwanlal Indraji, tí ó gbé ayé láti ọdún 1839 sí 1888. Kò lọ sí yunifásítì. Èdè Gujarati, èdè abínibí rẹ̀, ni ó fi ń kọ àbájáde ìwádìí rẹ̀. Àwọn ẹlòmíràn ni wọ́n ń túmọ̀ rẹ̀ sí èdè Gẹ̀ẹ́sì. Ìbéèrè tí a fẹ́ dáhùn nínú iṣẹ́ yìí ni pé: ṣé olùrànlọ́wọ́ àwọn onímọ̀ ni ọkùnrin yìí, tàbí òun gan-an ni onímọ̀? Èrò wa ni pé onímọ̀ ìtàn ni. Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ni a ó fi ṣe ẹ̀rí.

2. Ìbí rẹ̀ àti Àpáta tí ó Bá nílé

Ìlú Junagadh ni a bí Bhagwanlal sí, ní àgbègbè Saurashtra tí ó wà nínú ìpínlẹ̀ Gujarat lónìí. Ìdílé Brahmin ni ó ti jáde wá. Ní ayé ìgbà náà, ọba Mùsùlùmí kan tí wọ́n ń pè ní Nawab ni ó ń ṣàkóso Junagadh, lábẹ́ ojú àwọn Gẹ̀ẹ́sì. Ẹ̀kọ́ àbáláyé ni Bhagwanlal kọ́: èdè Sanskrit àti ìmọ̀ ìṣègùn ìbílẹ̀ ilẹ̀ Íńdíà. Irú ẹ̀kọ́ tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ń fún àwọn ọ̀dọ́ ní Bombay kò kàn án.

Ṣùgbọ́n àpáta kan wà lẹ́bàá ìlú rẹ̀, ní ẹsẹ̀ òkè Girnar, lójú ọ̀nà tí àwọn olùjọ́sìn ń gbà lọ sí àwọn tẹ́ḿpìlì orí òkè náà. Àpáta yìí nìkan tó ilé ìkàwé kan. Ìjọba mẹ́ta ni ó kọ̀wé sí i lára. Ashoka ni ó kọ́kọ́ gbẹ́ àṣẹ mẹ́rìnlá sí i. Lẹ́yìn èyí ni Rudradaman, ọba kan nínú ìran tí a mọ̀ sí àwọn Kshatrapa Ìwọ̀-oòrùn, gbẹ́ tirẹ̀ sí i ní nǹkan bí ọdún 150 lẹ́yìn ìbí Jésù. Ẹ̀kẹta ni ti Ọba Skandagupta, tí ó sọ nípa ohun tí ó ṣẹlẹ̀ láàrin ọdún 455 sí 458.

Ohun tí ó so méjì tí ó gbẹ̀yìn pọ̀ ni adágún omi kan tí wọ́n ń pè ní Sudarshana. Àkọsílẹ̀ Rudradaman sọ pé ajẹ́lẹ̀ Ọba Chandragupta, bàbá bàbá Ashoka, ni ó sé omi náà. Pé ní ayé Ashoka ni wọ́n la ojú ìṣàn fún un. Àti pé ìjì àti òjò ńlá ya odi rẹ̀ ní ayé Rudradaman fúnra rẹ̀. Àwọn ìjòyè ọba ní ihò náà ti tóbi jù, pé kò ṣeé dí. Àwọn ará ìlú bẹ̀rẹ̀ sí í dárò. Ajẹ́lẹ̀ kan tí ń jẹ́ Suvishakha ni ó tún un ṣe, a sì sọ nínú àkọsílẹ̀ náà pé owó àpò ọba ni wọ́n ná sí i, pé wọn kò bu owó orí lé àwọn ará ìlú, wọn kò sì fi tipátipá kó wọn ṣiṣẹ́. Ní nǹkan bí ọ̀ọ́dúnrún ọdún lẹ́yìn náà, odi náà tún ya, àwọn ènìyàn Skandagupta sì tún un mọ.

Ẹ jẹ́ kí a ro ó wò. Ìtàn bí ẹgbẹ̀rin ọdún fẹ́rẹ̀ẹ́ wà lára àpáta kan ṣoṣo, àwọn ará Junagadh sì ń gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá lójoojúmọ́ láìmọ ohun tí ó ń sọ. Bhagwanlal kò tíì pé ọmọ ogún ọdún nígbà tí ìwé tí Prinsep to lẹ́tà àtijọ́ sí tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́. Ó gbé ìwé náà lọ sídìí àpáta, ó ń fi lẹ́tà wé lẹ́tà, títí tí ó fi bẹ̀rẹ̀ sí í kà á fúnra rẹ̀. Láti ibi tí ojú rẹ̀ ti mọ̀ láti kékeré ni ìmọ̀ rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀.

3. Lọ́dọ̀ Bhau Daji

Òkìkí ọ̀dọ́mọkùnrin tí ó ń ka àpáta kò pẹ́ dé ọ̀dọ̀ Alexander Kinloch Forbes, òṣìṣẹ́ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì tí òun náà fẹ́ràn ìtàn Gujarat. Forbes ni ó júwe rẹ̀ fún Bhau Daji ní Bombay. Dókítà oníṣègùn ni Bhau Daji, ọmọ ilẹ̀ Íńdíà tí ó gbọ́ èdè Gẹ̀ẹ́sì dáadáa, tí ó sì ń ka pépà níwájú ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ Éṣíà ní ìlú náà. Iṣẹ́ ìṣègùn kò jẹ́ kí ó rí àyè rìnrìn-àjò. Ó nílò ẹni tí yóò máa lọ sídìí òkúta. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1860, Bhagwanlal dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, àjọṣe wọn kò sì yẹ̀ títí tí Bhau Daji fi kú ní ọdún 1874.

Ẹni tí kò bá ṣe é rí lè rò pé iṣẹ́ ìdàkọ kò le. Àkọsílẹ̀ ti wà lára àpáta láti bí ẹgbàá ọdún. Òjò ti fọ àwọn lẹ́tà kan nù, ewédò ti bo òmíràn, àpáta ti sán níbi tí ọ̀rọ̀ ti dùn jù. Kì í ṣe gbogbo ìlà tí a rí ni ọwọ́ ènìyàn fà. Òmíràn wulẹ̀ jẹ́ pé òkúta ni ó là. Ìtànṣán oòrùn òwúrọ̀ a máa fi lẹ́tà kan hàn tí oòrùn ọ̀sán yóò fi pamọ́. Nítorí náà, ẹni tí ó ń da àkọsílẹ̀ kọ gbọ́dọ̀ gbọ́ èdè tí a fi kọ ọ́, kí ó mọ ọ̀rọ̀ tí ó lè wà níbẹ̀ àti èyí tí kò lè sí níbẹ̀. Ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ jẹ́ kí ohun tí ó ń retí láti rí ti ojú rẹ̀ síbi tí kò sí. Ìmọ̀ Sanskrit àti Prakrit tí Bhagwanlal ní ni ó mú kí àdàkọ rẹ̀ ṣeé gbára lé ju ti ọ̀pọ̀ àwọn òṣìṣẹ́ Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n ń ya lẹ́tà bí ẹní ya àwòrán.

Ó rìn káàkiri Íńdíà: ó dé àwọn ihò àpáta ìwọ̀-oòrùn, ó dé Rajasthan, ó dé Mathura, ó dé Orissa ní ìlà-oòrùn, ó sì dé ilẹ̀ Nepal. Ní Mathura, ní ọdún 1869, ó rí orí òpó òkúta kan tí wọ́n gbẹ́ ní àwòrán kìnnìún, tí lẹ́tà Kharoshthi, èyí tí a máa ń kọ láti ọwọ́ ọ̀tún sí ọwọ́ òsì, kún ara rẹ̀. Wọ́n ti mọ ọ́n mọ́ àtẹ̀gùn ojúbọ òrìṣà kan.

4. Iṣẹ́ tí Ó Sọ Ọ́ di Onímọ̀ Ìtàn

Bí ìdàkọ nìkan bá ni iṣẹ́ rẹ̀, a lè pè é ní olùrànlọ́wọ́. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a wo mẹ́rin nínú ohun tí ó ṣe.

Èkíní ni ọ̀rọ̀ òǹkà. Ní Nanaghat, ọ̀nà àárín òkè kan tí kò jìnnà sí ìlú Junnar, ihò àpáta kan wà tí ayaba kan nínú ìran Satavahana kọ àwọn ẹbọ tí wọ́n rú sí, pẹ̀lú iye màlúù àti owó tí wọ́n fi tọrẹ. Àwọn iye náà wà ní àmì òǹkà àtijọ́. Ní ọdún 1876 àti 1877, Bhagwanlal gbé àlàyé jáde lórí irú àmì wọ̀nyí. Ó fi hàn pé òǹkà náà kò ní òdo, kò sì ní ipò bí èyí tí à ń lò lónìí. Mẹ́wàá ní àmì tirẹ̀, ogún ní tirẹ̀, ọgọ́rùn-ún ní tirẹ̀, ẹgbẹ̀rún ní tirẹ̀. Bí wọ́n bá fẹ́ kọ 24,400, wọn a fi àmì ogún mọ́ ti ẹgbẹ̀rún, wọn a fi ti mẹ́rin mọ́ ti ẹgbẹ̀rún, wọn a sì fi ti mẹ́rin mọ́ ti ọgọ́rùn-ún. Ẹni tí kò bá mọ èyí kò lè ka ọdún kankan lára òkúta àtijọ́.

Èkejì ni ìtàn àwọn Kshatrapa, ìran Rudradaman. Owó fàdákà wọn pọ̀ ní Gujarat. Ní ojú owó kọ̀ọ̀kan, wọ́n kọ orúkọ ọba àti ti bàbá rẹ̀. Ní ẹ̀yìn orí tí wọ́n yà sí i, wọ́n kọ ọdún. Nítorí pé Bhagwanlal ti mọ àmì òǹkà, ó ṣeé ṣe fún un láti to owó ẹyọ jọ, kí ó fi ọmọ wé bàbá, kí ó sì mọ ẹni tí ó jẹ ṣáájú ẹni. Àkọsílẹ̀ Girnar sọ pé odi adágún ya ní ọdún 72. Bí a bá fi 78, ọdún tí òǹkà Saka bẹ̀rẹ̀, kún un, 150 ni yóò jẹ́. Báyìí ni àpáta, owó àti òǹkà ṣe ń jẹ́rìí sí ara wọn. Iṣẹ́ onímọ̀ ìtàn nìyẹn.

Ẹ̀kẹta ni àkọsílẹ̀ Hathigumpha ní òkè Udayagiri ní Orissa, ìlà mẹ́tàdínlógún tí ó ti bàjẹ́ púpọ̀. Prinsep ti gbìyànjú rẹ̀ ní ọdún 1837. Rajendralala Mitra náà ti gbìyànjú rẹ̀. Wọ́n ka orúkọ ọba inú rẹ̀ sí Aira. Bhagwanlal ni ó kọ́kọ́ fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé Kharavela, ọba Kalinga, ni orúkọ rẹ̀. Ìwé rẹ̀ lórí èyí wà nínú àwọn iṣẹ́ ìpàdé àgbáyé àwọn onímọ̀ nípa Ìlà-oòrùn tí ó wáyé ní Leiden, ilẹ̀ Họ́láńdì, ní ọdún 1883, wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní ọdún 1885. Gbogbo ohun tí a mọ̀ lónìí nípa Kharavela ti orí kíkà yìí wá.

Ẹ̀kẹrin ni iṣẹ́ wíwa ilẹ̀. Ní ọdún 1882, ó hú òkìtì bíríkì kan ní Sopara, èbúté àtijọ́ tí ó wà ní àríwá Bombay. Ó jẹ́ ibi ìrántí ẹ̀sìn Búdà. Ó bá àpótí òkúta ńlá kan nínú rẹ̀. Nínú àpótí náà ni àwọn ohun ìkẹ́rùsí wà, ọ̀kan nínú èkejì: bàbà, fàdákà, òkúta, òkúta dídán bí dígí, àti wúrà ní àárín gbùngbùn. Nínú wúrà náà ni àfọ́kù ìkòkò wà, èyí tí wọ́n kà sí àfọ́kù àwo ìtọrọ Búdà. Ère Búdà mẹ́jọ yí wọn ká. Owó fàdákà Ọba Yajna Satakarni tí ó bá níbẹ̀ ràn án lọ́wọ́ láti mọ àsìkò tí wọ́n kó wọn síbẹ̀. Ní ọdún yẹn kan náà ni ó rí àfọ́kù òkúta tí ó ní apá kan àṣẹ Ashoka ní Sopara.

5. Èdè àti Orúkọ

Ó wá ku ọ̀rọ̀ èdè. Ìwé àwọn onímọ̀ nígbà náà kò gba Gujarati. Ní ìgbà ayé Bhau Daji, orúkọ Bhau Daji ni ó máa ń wà lórí pépà tí àdàkọ Bhagwanlal ti pilẹ̀ rẹ̀. Lẹ́yìn ikú Bhau Daji, Georg Bühler, ọmọ ilẹ̀ Jámánì tí ó ń ṣiṣẹ́ ẹ̀kọ́ fún ìjọba ní Bombay, di olùtumọ̀ rẹ̀. Àkọsílẹ̀ mẹ́tàlélógún láti Nepal, tí Nawab Junagadh ná owó ìrìn-àjò rẹ̀, jáde ní ọdún 1880. Bhagwanlal ni ó kó wọn jọ, tí ó kà wọ́n. Bühler ni ó túmọ̀ àlàyé rẹ̀ láti inú Gujarati. Ní ọdún 1881, òun àti James Burgess jùmọ̀ gbé ìwé jáde lórí àkọsílẹ̀ inú ihò àpáta ìwọ̀-oòrùn Íńdíà.

A kò gbọdọ̀ fi ẹ̀tọ́ du àwọn olùtumọ̀ wọ̀nyí. Bühler kò fi orúkọ Bhagwanlal pamọ́, ó sì kọ àpilẹ̀kọ ìrántí rẹ̀ nígbà tí ó kú. Yunifásítì Leiden náà fún un ní oyè dókítà ìdánilọ́lá. Síbẹ̀, ẹni tí ó bá ń ti ẹnu ẹlòmíràn sọ̀rọ̀ kò lè ṣaláì pàdánù nǹkan. Ẹni tí ó kọ ọ̀rọ̀ ní èdè tí ayé ń kà ni ayé ń kọ́kọ́ rántí. Títí di òní, ọ̀pọ̀ àwọn ìwé tí ó mẹ́nu kan òǹkà Nanaghat tàbí Kharavela ni wọn kì í sọ ẹni tí ó kọ́kọ́ tú wọn. Wọ́n ń pè é ní pandit, èyí tí ó túmọ̀ sí ọ̀mọ̀wé nínú ìmọ̀ àbáláyé. Oyè ọ̀wọ̀ ni. Ṣùgbọ́n lẹ́nu àwọn Gẹ̀ẹ́sì ìgbà náà, ó tún jẹ́ oyè ẹni tí ń pèsè ohun èlò fún onímọ̀.

Ẹ̀kọ́ kejì tí ó wà níbẹ̀ ṣe pàtàkì bákan náà. Gujarati kò dí ìmọ̀ Bhagwanlal lọ́wọ́. Òǹkà, owó, gírámà àti ìtàn, gbogbo rẹ̀ ni ó rò ní Gujarati, tí ó sì kọ ní Gujarati. Èdè náà gbà á. Nígbà tí wọ́n sì túmọ̀ rẹ̀, àwọn onímọ̀ Leiden àti Lọ́ńdọ̀nù rí i pé ojúlówó ni. Ìdènà tí ó wà, nínú ètò ìtẹ̀wé ni ó wà, kò sí nínú èdè.

6. Ibi tí Iṣẹ́ Rẹ̀ Kù Sí

Kò sí ẹni tí kì í ṣe àṣìṣe. Nínú àkọsílẹ̀ Hathigumpha, Bhagwanlal rò pé òun rí ọdún 165 ti òǹkà ìran Maurya, orí rẹ̀ ni ó sì gbé ọjọ́ orí Kharavela kà. Àwọn onímọ̀ tí ó tẹ̀ lé e, bí J. F. Fleet, yẹ ibẹ̀ wò, wọ́n sì fi hàn pé kò sí irú ọdún bẹ́ẹ̀ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n orúkọ ọba tí ó kà kò yẹ̀. Ohun tí ó mú kí àwọn ẹlòmíràn lè tún un ṣe ni pé ó fi ìlà kọ̀ọ̀kan síta bí ó ṣe rí i. Ẹni tí ó bá fi ẹ̀rí rẹ̀ sílẹ̀ fún ayé láti yẹ̀ wò, àṣìṣe rẹ̀ pàápàá a máa ṣe ìmọ̀ láǹfààní.

7. Ikú Rẹ̀ àti Ogún tí Ó Fi Sílẹ̀

Ní ọjọ́ 16 oṣù Ẹrẹ́nà, ọdún 1888, Bhagwanlal kú sí Bombay. Kò tíì pé ọmọ àádọ́ta ọdún. Ọ̀pọ̀ iṣẹ́ rẹ̀ ni kò tíì parí. E. J. Rapson ni ó ṣètò èyí tí ó kọ lórí àwọn Kshatrapa, tí ó jáde ní ọdún 1890. Bühler tẹ àkọsílẹ̀ orí òpó kìnnìún Mathura jáde ní ọdún 1894. Ìtàn àtètèkọ́ṣe Gujarat tí ó ń kọ jáde ní ọdún 1896 nínú ìwé ìjọba Bombay, lẹ́yìn tí A. M. T. Jackson parí rẹ̀. Ó fi owó ẹyọ rẹ̀ àti òpó kìnnìún náà sílẹ̀ fún British Museum ní Lọ́ńdọ̀nù, níbi tí ó wà títí di òní. Àwọn ohun tí ó hú ní Sopara wà ní Bombay, tí à ń pè ní Mumbai nísinsìnyí.

Ọdún 2012 ni Virchand Dharamsey gbé ìwé ńlá kan jáde nípa ìgbésí ayé rẹ̀, nínú èyí tí ó pè é ní ará Íńdíà àkọ́kọ́ tí ó jẹ́ onímọ̀ nípa wíwa ilẹ̀ fún ìtàn. Ọdún mẹ́rìnlélọ́gọ́fà ti kọjá lẹ́yìn ikú rẹ̀ kí ìwé yìí tó jáde.

8. Àgbálọgbábọ̀

Nínú iṣẹ́ yìí, a ti ṣe àgbéyẹ̀wò ìgbésí ayé Bhagwanlal Indraji, a sì ti fi iṣẹ́ rẹ̀ lórí òǹkà, owó ẹyọ, àkọsílẹ̀ ara òkúta àti wíwa ilẹ̀ hàn pé onímọ̀ ìtàn ni ní tirẹ̀. Ẹni tí ó ń pèsè ohun èlò fún onímọ̀ kì í fi owó wé àpáta kí ó tó sọ pé báyìí ni ọba ṣe jẹ tẹ̀ lé ara wọn. Ẹni tí ó ṣe bẹ́ẹ̀ ti di onímọ̀, èdè yòówù kí ó fi kọ ọ́.

Fún àwọn tí ń kọ́ iṣẹ́ olùkọ́, ohun mẹ́ta ni a lè rí mú níbẹ̀. Èkíní, ìwádìí lè bẹ̀rẹ̀ láti ara ohun tí ó wà lẹ́bàá ilé ẹni, tí gbogbo ènìyàn ń gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá. Èkejì, ẹni tí ó bá ń kọ ìtàn gbọ́dọ̀ fi ẹ̀rí rẹ̀ síta kí ẹlòmíràn lè yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹ̀kẹta, èdè abínibí tó gbé ìmọ̀ ìjìnlẹ̀, bí àwọn tí ó ni ín bá ṣe tán láti kọ ọ́, láti tẹ̀ ẹ́ jáde, kí wọ́n sì máa kà á. Bhagwanlal ṣe apá kìíní nínú mẹ́ta yìí. Kò rí ẹni bá a ṣe méjì yòókù nígbà ayé rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ó fi pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ kí a tó mọ̀ ọ́n.